Ajá mi ò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí, ṣé mo lè fi adìyẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀?

Arábìnrin kan ló bi mí ní ìbéèrè yìí: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ajá wa ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ó níwà tútù gan-an, àwọn ọmọ máa ń fa etí ẹ̀ kò sì bínú rí. Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn mo kó adìyẹ mẹ́fà wá sí ẹ̀yìnkùlé, látìgbà yẹn ni ajá yìí ti ń lọ jókòó síwájú ilé adìyẹ láràárọ̀, á kàn máa wò wọ́n ṣáá, kò ní gbó, kò ní ṣe nǹkan kan. Ọkọ mi ní ìfẹ́ ló fi ń wò wọ́n. Ṣé mo lè ṣí wọn sílẹ̀ pa pọ̀ kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ?"

Màdáámù, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí, adìyẹ ti kú tán kí wọ́n tó wá. Ìdáhùn mi nìyí: tẹ́ ẹ ò bá sí níbẹ̀, rárá, ẹ má ṣe é, ì báà jẹ́ lónìí ì báà jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀ tójú yín sì wà lára wọn, ó ṣeé ṣe, àmọ́ iṣẹ́ wà ńbẹ̀ o. Ẹ bá mi kí ọ̀gá nílé, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé mi ò gbà pé ìfẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ jíjókòó yẹn gan-an ló jẹ́ kí n tètè dá yín lóhùn. Ajá tó rí adìyẹ tó ń gbó, tó ń fò sókè sódò, tó ń sáré yí ilé adìyẹ ká, ariwo ẹ̀ ti sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún yín. Èyí tó bá lọ jókòó, tó panu dé, tó tẹjú mọ́ adìyẹ kan ṣoṣo, tí ìrù ẹ̀ ò mì, tí ẹ pe orúkọ ẹ̀ tí etí ẹ̀ ò tiẹ̀ yí sí yín, ọdẹ ló ń ṣe yẹn. Ológbò tó ń ṣọ́ eku kì í pariwo náà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ara ìkookò ni ajá ti ṣẹ̀ wá, bí ìkookò ṣe ń wá oúnjẹ sì ní bó ṣe tò tẹ̀ léra: á kọ́kọ́ rí ẹran náà, á tẹjú mọ́ ọn, á máa yọ́ lọ bá a, á lé e, á gbá a mú, á pa á, ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá fà á ya tí á jẹ ẹ́. Àwọn tó ń sin ajá láti ayébáyé ti mú àwọn kan kúrò nínú nǹkan wọ̀nyí, wọ́n sì ti fi kún òmíràn, bí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ajá náà máa ṣe bá ṣe rí. Ẹ mú Border Collie tí wọ́n fi ń da àgùntàn, títẹjú mọ́ nǹkan àti yíyọ́ lọ bá a àti lílé e ló pọ̀ lára ẹ̀, pípa ni wọ́n dín kù. Labrador Retriever ní tiẹ̀, gbígbé ẹyẹ tí ọdẹ ti yìnbọn pa ni wọ́n fi ń ṣe, ẹnu ẹ̀ rọ̀, ó lè gbé adìyẹ yín wá bá yín láàyè tó ń ju ìrù pé kẹ́ ẹ yin òun, tí adìyẹ náà á wá kú sí yín lọ́wọ́ torí ẹ̀rù. Àwọn terrier bíi Jack Russell, lílé ẹran kéékèèké inú ihò ló wà lẹ́jẹ̀ wọn, wọ́n á gbá a lọ́rùn, wọ́n á jù ú síbí jù ú sọ́hùn-ún, sẹ́kọ́ǹdù méjì ti tó wọn. Greyhound ò nílò àlàyé, ohun tó bá ṣáà ti sáré, á sáré tẹ̀ lé e. Tó bá wá jẹ́ ajá tó ti pò pọ̀ ni, tẹ́ ẹ ò mọ bàbá tẹ́ ẹ ò mọ ìyá, ẹ ò lè fojú lásán mọ èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ló gbé dání, àfi tẹ́ ẹ bá ń wo ìṣe ẹ̀.

Adìyẹ náà ò wá ran ara ẹ̀ lọ́wọ́. Tó bá rí ohun tó bà á lẹ́rù, á sá lójijì, á máa gba apá pàtàpàtà, á ké, á yà síbí yà sọ́hùn-ún. Kò sí ohun tó tún lè ta ajá jí ju ìyẹn lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí" ò fi tó mi. Jíjẹ́ kọ́mọ fa etí ẹ̀, ìyẹn ni sùúrù tó ní fáwọn ará ilé ẹ̀. Lílé adìyẹ ò kan ìbínú, ajá ò bá adìyẹ jà, ó ń gbádùn ara ẹ̀ ni, bí ọmọdé tó rí bọ́ọ̀lù. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ajá ilé ò mọdẹ ṣe, nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí ẹ forí jì mí, ajá ilé mọdẹ, kò tíì rí ẹran ni.

Ebi náà kọ́. Mo máa ń gbọ́ pé "ṣùgbọ́n ó ti jẹun yó kó tó ṣe é." Jíjẹ àti lílé, ọ̀tọ̀tọ̀ ni wọ́n nínú orí ajá. Èyí tó ti yó bámúbámú máa pa adìyẹ kan, adìyẹ náà ò ní mira mọ́, eré ti parí nìyẹn, á fi í sílẹ̀ á lọ síbi èyí tó ṣì ń sáré. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń jẹ́ pé èèyàn á délé á bá gbogbo adìyẹ nílẹ̀ tí ajá ò sì jẹ ẹyọ kan nínú wọn.

Mo rántí ilé kan tí wọ́n pè mí sí. Ajá wọn ti bá adìyẹ gbé fún ọdún kan àtààbọ̀, wọ́n jọ ń sùn sábẹ́ igi kan náà, wọ́n ti ya fọ́tò wọn àìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ kan ẹsẹ̀ adìyẹ kan há sínú nẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju apá, ó ń ké. Kí onílé tó bọ́ sí ìta, ajá ti pa ìyẹn, ó sì ti pa mẹ́ta mìíràn tó ń sá kiri torí ariwo náà. Bàbá onílé ń sọ pé ajá náà ti yawèrè. Mi ò rí wèrè kankan, ní gbogbo ọdún kan àtààbọ̀ yẹn, adìyẹ tó ń rìn jẹ́jẹ́ ló mọ̀, kò rí adìyẹ tó ń jà fún ẹ̀mí ẹ̀ rí. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé kéèyàn tó sọ pé òun fọkàn tán ajá, kó bi ara ẹ̀ pé, nígbà tí adìyẹ ń ṣe kí ni?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé àwọn ajá kan wà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń ṣọ́ ẹran. Òótọ́ ni. Great Pyrenees, Anatolian Shepherd, Maremma ti ilẹ̀ Ítálì, irú wọn ti ń bá àgùntàn gbé látọdúnmọ́dún, wọ́n ti sìn wọ́n títí lílé àti pípa fi dín kù gan-an lára wọn. Ní Ọsirélíà, nítòsí ìlú Warrnambool, erékùṣù kékeré kan wà tó ń jẹ́ Middle Island, àwọn pẹ́ńgúìnì kéékèèké ló ń yé síbẹ̀. Tí omi òkun bá ti fà, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á fẹsẹ̀ rìn kọjá lọ pa wọ́n, títí tí pẹ́ńgúìnì tó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún tẹ́lẹ̀ ò fi pé mẹ́wàá mọ́ ní 2005. Ní 2006 wọ́n kó ajá Maremma lọ síbẹ̀, àwọn ẹyẹ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ara adìyẹ ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n yẹn, àgbẹ̀ kan tó ń fi Maremma ṣọ́ adìyẹ ẹ̀ ló dá a lábàá. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí náà o: àwọn ajá bẹ́ẹ̀ pàápàá, àti kékeré ni wọ́n ti ń kó wọn sáàárín ẹran, tí wọ́n bá sì wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan àtààbọ̀, eré géle ni wọ́n ń bá adìyẹ ṣe, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fa ìyẹ́ ẹ̀ tu, òmíràn ń kú sí wọn lẹ́nu. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ò ní fi àwọn nìkan sílẹ̀ lọ́dọ̀ adìyẹ kí wọ́n tó tó ọmọ ọdún méjì. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún ajá tí wọ́n torí iṣẹ́ náà bí, tiyín tó jẹ́ pé orí káńpẹ́ẹ̀tì ló dàgbà sí ńkọ́?

Ọmọ ajá máa ń mọ ẹni tó jẹ́ ara ilé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí bí ọ̀sẹ̀ méjìlá tí wọ́n bí i. Ohun tó bá bá pàdé nígbà yẹn, á gbà á bí ara ilé. Tiyín ti kọjá ibẹ̀. Ìyẹn ò ní kó má lè kẹ́kọ̀ọ́, ajá ọdún mẹ́ta ṣì gbọ́n dáadáa, ó kàn jẹ́ pé ìgbọràn lẹ máa kọ́ ọ, ẹ ò lè sọ ọ́ di ẹbí adìyẹ mọ́. Ìgbọràn sì nílò ẹni tó wà níbẹ̀ tó ń pàṣẹ.

Ó yá, iṣẹ́ tó wà ńbẹ̀. Àkọ́kọ́, láti ọ̀la, ẹ má jẹ́ kó lọ jókòó síwájú ilé adìyẹ mọ́. Ẹ fi pákó tàbí tapólì bo apá ibi tó ti ń wò wọ́n, torí gbogbo àárọ̀ tó fi ń tẹjú mọ́ wọn, ṣe ló ń fi ìdánrawò kún ìdánrawò. Àwọn adìyẹ náà ò gbádùn ẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ, bó ṣe rí gan-an nìyẹn nínú ẹ̀yìnkùlé yín báyìí. Adìyẹ tí ẹ̀rù ń bà lójoojúmọ́ lè dín ẹyin kù tàbí kó má yé mọ́ rárá fún bí ọjọ́ mélòó kan, ẹ ò sì ní mọ ohun tó fà á, ṣebí adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ẹ kọ́kọ́ mú un jáde kó sáré kó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ wá fi okùn sí i lọ́rùn, kẹ́ ẹ dúró jìnnà sí ilé adìyẹ, ibi tó ti lè rí wọn tó ṣì máa gbọ́ tẹ́ ẹ bá pè é. Ibi tó jìnnà tó yẹn ò ṣeé sọ, ó lè jẹ́ mítà márùn-ún, ó lè jẹ́ ogún, ajá ló máa sọ ọ́ fún yín. Tó bá wo adìyẹ, ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ dúró. Gbàrà tó bá yíjú kúrò lára wọn tó wo yín, ẹ yìn ín, kẹ́ ẹ fún un ní ẹran kékeré kan, kó jẹ́ ẹran tó fẹ́ràn gan-an, kì í ṣe oúnjẹ gbígbẹ tó ń jẹ lójoojúmọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tó, ẹ wọlé. Tó bá di pé ó ń wò wọ́n fìrí tó sì ń yíjú padà sí yín fúnra ẹ̀, ẹ sún mọ́ ìgbésẹ̀ méjì. Tó bá tún lẹ ojú mọ́ wọn, ẹ ti sún mọ́ jù nìyẹn, ẹ padà sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ mélòó ló máa gbà? Àwọn kan ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn kan oṣù mẹ́fà, mo sì ti rí èyí tí a gbìyànjú títí tí mo fi sọ fún olówó ẹ̀ pé kó fi í sílẹ̀, kó lọ kọ́ fẹ́ńsì tó dáa.

Tó bá ti ń ṣe dáadáa lẹ́yìn wáyà, ìgbà yẹn lẹ lè mú un wọ àárín wọn pẹ̀lú okùn gígùn, bíi mítà márùn-ún sí mẹ́wàá, tẹ́ ẹ di orí okùn náà mú dáadáa. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ ti mọ̀ dunjú kó tó débẹ̀, níbi tí kò ti sí adìyẹ rárá: "wá", "jókòó", àti "fi sílẹ̀". Tẹ́ ẹ bá pè é nínú pálọ̀ tí kò dáhùn, kí lẹ rò pé ó máa ṣe nígbà tí adìyẹ bá ń gba apá níwájú ẹ̀? Ajá tó máa sọnù ò ní gbọ́ fèrè ọdẹ. Okùn yẹn ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́rùn ẹ̀ títí ọ̀pọ̀ oṣù láìsí àṣìṣe kankan, torí tó bá lé wọn lẹ́ẹ̀kan tó gbádùn ẹ̀, lílé yẹn fúnra ẹ̀ ti dùn ju ẹran ọwọ́ yín lọ, ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti òdo ni.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ara ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa kà. Tí ara ẹ̀ bá rọ̀, tí ẹnu ẹ̀ ṣí díẹ̀, tó ń gbóòórùn ilẹ̀ kiri, tó kọ̀yìn sí adìyẹ tó lọ dùbúlẹ̀, kò séwu. Tí ara ẹ̀ bá le bí igi, tó panu dé, tí etí nà síwájú, tó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, tó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, ẹ fa okùn, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ má bá a pariwo. Ìrù tó ń mì náà ò túmọ̀ sí nǹkan kan níbí yìí o, mo ti rí ajá tó ń ju ìrù bó ṣe ń pa adìyẹ. Tẹ́ ẹ bá wá ní ajá méjì, ẹ kọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má sì mú wọn wọ àárín adìyẹ pa pọ̀, ohun tí ọ̀kan ò ní dá ṣe, méjì á ṣe é.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé tó bá ti pa adìyẹ, ẹ so òkú ẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn títí tó máa fi jẹrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìyà ni, àrùn ni, ajá náà ò sì mọ ohun tó so òórùn yẹn pọ̀ mọ́ lílé tó lé e lánàá. Kọ́là tó ń fi iná mànàmáná ta ajá náà, mi ò fọwọ́ sí i, torí tó bá jẹ́ adìyẹ ló ń wò nígbà tí ìrora dé, ó lè gbà pé adìyẹ ló ta òun, ìgbà yẹn gan-an ló máa wá kórìíra wọn. Àti ọ̀rọ̀ pé tó bá ti tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò kò ní ṣeé gbà mọ́, ẹ̀jẹ̀ kọ́, adùn lílé yẹn ni kò gbàgbé.

Fẹ́ńsì ló kù, èmi ò sì rò pé nǹkan kan ṣe pàtàkì tó o. Nẹ́ẹ̀tì wáyà tín-ín-rín tójú ẹ̀ ní igun mẹ́fà tí gbogbo èèyàn ń lò, ó ń dá adìyẹ dúró sínú ni, kò lè dá ajá dúró síta, eyín àti èékánná á fà á ya. Wáyà líle tí wọ́n jó pọ̀, tójú ẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà kan lé díẹ̀ lọ, lẹ fẹ́ nísàlẹ̀ níbi tí ẹnu ajá lè dé. Torí pé ajá ń gbẹ́lẹ̀, ẹ tẹ́ wáyà náà sílẹ̀ síta yí ẹsẹ̀ fẹ́ńsì ká, bí ìdajì mítà, kẹ́ ẹ fi òkúta tàbí yẹ̀pẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, níbi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ni èékánná ẹ̀ ti máa kan wáyà. Ajá tó ń fò dáadáa, fẹ́ńsì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì ló bá a mu. Ìdè ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń gbé e sókè, imú ajá lè ṣí i, ẹ wá èyí tó ń wọnú ara wọn. Ìyẹ́ apá kan tẹ́ ẹ máa gé kí adìyẹ má bàa fò kọjá sọ́dọ̀ ajá, ó dáa, àmọ́ tí ajá bá ráyè wọlé bá a, adìyẹ náà ò ní lè fò sá mọ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe sọ pé fẹ́ńsì kọ́kọ́.

Tó bá ti wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ ti ajá mọ́lé, ẹ má lù ú, kò ní mọ ohun tẹ́ ẹ ń lù ú fún. Adìyẹ tó bá ṣì mí, ẹ fi sínú páálí tó ṣókùnkùn níbi tó móoru tí kò sáriwo. Ẹ rọra ya ìyẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ wo ara, torí ihò eyín máa ń kéré lójú, ohun tó bàjẹ́ nísàlẹ̀ ẹ̀ sì pọ̀. Ẹ se omi kó hó, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ po ṣíbí tíì iyọ̀ kan mọ́ ìdajì lítà ẹ̀ kẹ́ ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́, lẹ́yìn náà dókítà ẹranko lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹnu ajá ní kòkòrò àrùn bíi Pasteurella, adìyẹ tó dà bíi pé ó ti ye lè kú lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta torí ẹ̀.

Ewu wà fún ajá náà, ẹ má gbàgbé o. Àkùkọ lè ta á lójú. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ń lá lè kó kòkòrò àrùn Salmonella bá a, kó sì tipa ẹ̀ wọ ẹnu àwọn ọmọ tó ń lá lójú. Oúnjẹ adìyẹ tí wọ́n ti fi oògùn bíi monensin sí láti dènà àrùn inú ìfun, májèlé ni fún ajá, ẹ gbé àpò ẹ̀ síbi tọ́wọ́ ẹ̀ ò ti ní tó. Bẹ́ẹ̀ ni, tí adìyẹ bá kàn ṣàdédé kú, ẹ má jù ú fún ajá: ní Kánádà ní 2023, ajá kan kó àrùn ẹyẹ H5N1 lẹ́yìn tó jẹ òkú gúúsì inú igbó, ó sì kú.

Kí n tó lọ, tó bá máa rọrùn fún yín, kẹ́ ẹ tó fi tapólì bo ibẹ̀ lọ́la, ẹ ya fídíò ìṣẹ́jú méjì nígbà tó bá lọ jókòó, kẹ́ ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má wo yín, kẹ́ ẹ pe orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Etí ẹ̀ àti ìrù ẹ̀ ni mo fẹ́ wò.